Bí mo ṣe kọ́ sẹ́fà mi láti sùn kí iná tó lọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣèlérí pé màá kọ nípa VM (virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tá a fi sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà gidi), pàápàá fáwọn tó máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lagere tí wọ́n á máa wo irin kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ tábìlì, ìyẹn sẹ́fà mi (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn kọ̀ǹpútà míì lórí nẹ́tíwọ̀kì), tí wọ́n á ní báwo lèyí ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà méje. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ n ráyè. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn mọ́ mi nínú débi pé mo ní lónìí yìí ni màá kọ ọ́, torí gbogbo fídíò tí mo ti wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí a ṣe ń dá VM sílẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́ wa, wọn kì í kọ́ wa bó ṣe yẹ kó sùn àti bó ṣe yẹ kó jí, bẹ́ẹ̀ níbi tá a wà ní Ifẹ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, láptọ́ọ̀pù kan tó ti dàgbà ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Orí ẹ̀ ni sọ́fítíwíà owó iléèwé àti èsì ìdánwò tí mò ń bá iléèwé aládàáni kan tọ́jú wà, ògiri kan ló wà láàárín àwa àtiwọn, wáyà nẹ́tíwọ̀kì la fà gba orí ògiri yẹn. Orí ẹ̀ náà ni wẹ́bùsáìtì àwọn oníbàárà mi kan wà. Orí ẹ̀ náà làwọn ọmọ tó ń kọ́ Linux (sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) lọ́dọ̀ mi ti ń fọwọ́ kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, ọmọ tó múṣẹ́ lọ́kùn-únkúndùn, mo ní kó lọ gbìyànjú PHP tuntun (èdè tí wọ́n fi ń kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀), ó gbìyànjú ẹ̀ lóòótọ́, ó sì ṣe é dáadáa, àfi bí sọ́fítíwíà iléèwé ṣe kọ̀ tí ò ṣí mọ́, torí PHP àtijọ́ ló mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín èsì lọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí. Màmá tó ni iléèwé náà pè mí.

"Ọmọ mi, àwọn òbí ti ń dé o, ẹ̀rọ yìí ò sì fẹ́ ṣí."

"Ẹ má bínú Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní wákàtí kan péré."

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo tó bọ́ níbẹ̀. Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi rárá, èmi tí mo kó gbogbo wọn sínú yàrá kan ni mo jẹ̀bi. Àwọn àgbà ní bílé ò bá kan ilé, kì í jó àjóràn, ká sòótọ́, mi ò mọ àlàyé tó bá VM mu ju òwe yẹn lọ. Irin kan ni, ẹ pín in sí yàrá yàrá, yàrá kọ̀ọ̀kan ní Linux tiẹ̀, dísìkì tiẹ̀, páásíwọ̀dù tiẹ̀, àdírẹ́sì tiẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì. Linux tó wà lórí irin gan-an ni onílé, àwọn tó wà nínú yàrá ni ayálégbé. Tí ayálégbé kan bá da yàrá ẹ̀ rú, ìyẹn ò kan ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Nǹkan yìí ti pẹ́ láyé o. IBM ti gbé VM/370 jáde lọ́dún 1972, fáwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí bánkì àti yunifásítì máa ń rà. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ irú wa ni pé Intel lọ́dún 2005 àti AMD lọ́dún 2006 fi agbára ẹ̀ sínú ẹ̀rọ kéékèèké tí gbogbo èèyàn ń rà, nígbà tó sì di 2007 KVM wọnú Linux fúnra ẹ̀, nínú kernel (ọkàn Linux) 2.6.20. QEMU tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003 ló ń ya àwòrán kọ̀ǹpútà yẹn fún ayálégbé, dísìkì, káàdì nẹ́tíwọ̀kì, skríìnì, KVM ló ń jẹ́ kó yára. Nǹkan kẹta ni libvirt, òun ló dà bí ẹni tó ń bá onílé gbowó ilé, òun là ń pàṣẹ fún. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Torí náà sẹ́fà tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan ti lò tì lókè òkun tó gbogbo èèyàn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Tèmi, Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á. Core mẹ́jọ, RAM 32GB, mo wá ra SSD 480GB sí i. Owó ìjókòó méjì ni mo san nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́bàá fèrèsé láti Èkó dé Ifẹ̀, mo fi ìró ìyàwó mi wé e, gbogbo ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá bọ́ sí kòtò ni mo máa ń fọwọ́ dì í mú.

Nígbà tí mo délé tí mo fi Ubuntu (irú Linux kan) sí i, ohun àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ni kvm-ok, ẹ máa rí i nínú pákéèjì tó ń jẹ́ cpu-checker. Ó ní wọ́n ti pa agbára VM yẹn nínú BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣáájú jí kí Linux tó jí). Ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló máa ń wá bẹ́ẹ̀, ẹ wọnú BIOS, ẹ wá Intel Virtualization Technology, tó bá jẹ́ AMD ẹ wá SVM, ẹ tan án, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ẹ má fojú fo ibẹ̀ o, torí tí KVM ò bá sí, QEMU á ṣì ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó máa falẹ̀ débi tẹ́ ẹ máa rò pé ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn:

sudo apt install qemu-kvm libvirt-daemon-system libvirt-clients virtinst

Ẹ fi ara yín sínú gúrúùpù libvirt, ẹ jáde kẹ́ ẹ tún wọlé. Bí mo ṣe dá yàrá iléèwé sílẹ̀ rèé:

virt-install --name sukuu --memory 6144 --vcpus 2 --disk size=150 --cdrom /var/lib/libvirt/images/ubuntu.iso --os-variant ubuntu22.04 --network bridge=br0 --graphics vnc

Ẹ wo ibi tí mo gbé ISO (fáìlì tá a fi ń gbé Ubuntu sórí ẹ̀rọ) sí dáadáa. Inú Downloads ni mo kọ́kọ́ fi sí, ó sì ń pariwo Permission denied, mo fi sudo tẹ̀ ẹ́, ó tún ń pariwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀sán mi. Ohun tó fà á ni pé kì í ṣe orúkọ yín ni VM fi ń ṣiṣẹ́, orúkọ tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, orúkọ yẹn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ilé yín lọ ka fáìlì. Ẹ gbé e sí /var/lib/libvirt/images, ó parí.

Ti br0 náà gba sùúrù. Tẹ́ ò bá ṣe nǹkan kan, nẹ́tíwọ̀kì tí libvirt máa fún yín ni 192.168.122, ayálégbé á lè jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n ará ìta ò ní lè kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ìyẹn dáa bẹ́ẹ̀. Fún iléèwé tó wà lódì kejì ògiri, àfi kẹ́ ẹ ṣe bridge, kí VM dà bí kọ̀ǹpútà gidi lórí wáyà. Ẹ fi wáyà ṣe é o, Wi-Fi kì í sábàá gbà á. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù àti skríìnì lọ síbi tí sẹ́fà wà, ẹ má ṣe é gba SSH (ọ̀nà tá a fi ń wọ sẹ́fà láti ọ̀nà jíjìn), torí àṣìṣe kékeré kan báyìí, nẹ́tíwọ̀kì á já, ẹ̀yin á wà níta, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú ilé.

Bí mo ṣe pín RAM nìyí: data gba 8GB, database (ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà) ló wà níbẹ̀, sukuu gba 6, web gba 4, àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń kọ́ṣẹ́ gba méjì méjì. 26 nìyẹn, mo fi 6 sílẹ̀ fún onílé. Ẹ máa fi nǹkan sílẹ̀ fún onílé o. Lójú Linux, odindi VM kan ò ju prósẹ́ẹ̀sì kan lọ, tẹ́ ẹ bá ṣí top ẹ máa rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀, torí náà tí RAM bá tán tí kernel ń wá ẹni tó máa pa, ẹni tó sanra jù ló sábà máa ń mú, ẹni tó sì sanra jù nínú ilé mi ni database tí owó iléèwé wà nínú ẹ̀.

Ti àwọn ọmọ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Mi ò fi Ubuntu sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ni mo ṣe, mo tì í pa, mo wá dá dísìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan:

qemu-img create -f qcow2 -b ipile.qcow2 -F qcow2 omo1.qcow2

Ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kà, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní bébà tiẹ̀ tó ń kọ nǹkan sí. Tọ́mọ kan bá ba tiẹ̀ jẹ́, a ó ju bébà ẹ̀ nù, a ó fún un ní òmíràn, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyẹn ti yí bí mo ṣe ń kọ́ wọn padà. Tẹ́lẹ̀ "má fọwọ́ kan ìyẹn" ni mò ń sọ látàárọ̀ dalẹ́, báyìí mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bà á jẹ́ káwa náà rí i. Ọmọbìnrin kan fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tóun bá pa gbogbo ohun tó wà nínú /etc (fóldà tí ètò Linux wà) rẹ́, mo ní ó yá, gbogbo wa dúró yí i ká, ó tẹ Enter, a jọ ń wò ó bó ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ò lè kúrò lọ́kàn wọn mọ́. Ohun méjì péré ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ tan án tàbí kọ nǹkan sí i mọ́ láé, torí tó bá yẹ̀, gbogbo tòkè ló máa dàrú. Ìkejì, ẹ fi virt-sysprep nù ún mọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó. Mi ò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, machine-id (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) kan náà làwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé dé, àdírẹ́sì kan náà ni DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì) ń fún wọn, ọmọ méjì ń lé ara wọn jáde lórí SSH, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ló fà á.

Ọ̀rọ̀ dísìkì wá. qcow2 (irú fáìlì tó jẹ́ dísìkì VM) kì í gba gbogbo ibi tẹ́ ẹ ṣèlérí fún un lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe ń kọ nǹkan ló ń wú. Torí ẹ̀ ni mo fi lè fún mẹ́ta ní 150GB, kí n tún fáwọn ọmọ mẹ́rin ní 40 40. Ẹ rò ó pọ̀: 610GB, lórí dísìkì 480. Ó ń lọ dáadáa títí di Sátidé kan tí mo wà níbi ìsìnkú ní Iléṣà, oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú mi, fóònù dún.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sukuu ti dúró. Data náà ti dúró. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn kánópì, mo fi fóònù wọ sẹ́fà. Mo tẹ virsh list --all (virsh la fi ń pàṣẹ fún libvirt), mo rí i: sukuu, paused. data, paused. omo3, paused. Web nìkan ló ṣì ń sáré. Mo tẹ df -h, 100%, dísìkì ti kún. Lọ́wọ́ kan náà, ara mi balẹ̀, torí mo mọ ohun tí paused yẹn túmọ̀ sí. Tí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ nǹkan sí bá tán lórí dísìkì onílé, QEMU kì í jẹ́ kí VM kú, ńṣe ló máa ń dá a dúró síbi tó wà gẹ́lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ní kó gbẹ́sẹ̀ kan sókè kó má tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Mo pa ISO mẹ́ta tí mo ti gbàgbé síbẹ̀ rẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà kíláàsì àtijọ́ kan, nǹkan bíi 30GB tú sílẹ̀. virsh resume data. virsh resume sukuu. Wọ́n sọ ẹsẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n ń rìn lọ. Ohun tí akọ̀wé iléèwé ń tẹ̀ lọ́wọ́ ò sọnù. Mo padà sídìí oúnjẹ, ó ṣì gbóná.

Láti ìgbà yẹn mo máa ń lo qemu-img info -U lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti mọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe wú tó, mo sì fi discard='unmap' sí dísìkì wọn kí fstrim lè máa dá ibi tí wọn ò lò mọ́ padà fún onílé. Snapshot (ẹ̀dà bí VM ṣe wà lákòókò kan) náà wà, mo máa ń ṣe é kí n tó ṣe update, ṣùgbọ́n orí dísìkì kan náà ló wà, tí SSD bá kú wọ́n jọ ń lọ ni. Owó iléèwé, alaalẹ́ ni mò ń fi mysqldump kó o jáde lọ sórí ẹ̀rọ míì.

Ẹ wò ó, gbogbo èyí tí mo ti sọ yẹn, ẹ máa rí i káàkiri. Èyí tó kù ni mo torí ẹ̀ jókòó.

Sẹ́fà mi wà lórí ínfátà. Lóru ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, iná lọ, kò dé, bátìrì ínfátà tán ní nǹkan bí aago mẹ́ta, sẹ́fà sì kú bí ẹni fẹ́ná. Ayálégbé méje ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Lówurọ̀, data kọ̀ kò jí, nígbà tó máa jí, tébù tí owó ilé ìwé wà nínú ẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà yẹn mi ò tíì máa kó ẹ̀dà lálaalẹ́, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti akọ̀wé iléèwé la jókòó ti páálí rìsíìtì, ó ń pè é, mò ń tẹ̀ ẹ́: orúkọ ọmọ, kíláàsì, iye, nọ́ńbà rìsíìtì. Àwọn rìsíìtì kan wà tí bírò ti fẹ́ parẹ́ lára wọn, àfi ká gbé e síwájú fèrèsé ká tó rí i kà. Màmá ò bú mi. Wọ́n kàn ń gbé omi tútù wá fún wa ni, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo wá jókòó rò ó. Ínfátà mi ò lè bá sẹ́fà sọ̀rọ̀, kò ní wáyà tó lè fi sọ fún un pé òun ti ń kú lọ. Mo ra UPS kékeré kan tó ní ihò USB, mo fi sáàárín ínfátà àti sẹ́fà. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ UPS yìí kì í ṣe kó gbé iná fún mi pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, òfófó ni mo fẹ́ kó ṣe. Torí bí UPS bá ti ní òun ti wà lórí bátìrì, a jẹ́ pé ínfátà ti kú nìyẹn. Sọ́fítíwíà tó ń gbọ́ òfófó yẹn ni NUT, apt install nut, MODE=standalone, ẹ kọ orúkọ UPS yín sínú ups.conf, tẹ́ ẹ bá tẹ upsc tó dá yín lóhùn pé battery.charge báyìí báyìí, ó ti ń gbọ́ nìyẹn.

Bí NUT ṣe wà látilẹ̀, ó máa ń dúró dìgbà tí bátìrì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó pàṣẹ. Mi ò fara mọ́ ìyẹn fún irú bátìrì tá à ń rà níbí, torí bátìrì tó ti gbó lè ní òun ṣì ní 60% kó sì kú lójú ẹsẹ̀. Mo fi upssched sí i: tó bá ti pé ìṣẹ́jú méjì lórí bátìrì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sùn.

Sísùn náà ní ètò. virsh shutdown dà bí ìgbà tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì agbára lẹ́ẹ̀kan, VM á gbọ́, á kó nǹkan ẹ̀ nílẹ̀, á pa ara ẹ̀. virsh destroy ní tiẹ̀, wáyà lẹ fà yọ yẹn, orúkọ ẹ̀ máa ń já àwọn ọmọ mi láyà, wọ́n rò pé dísìkì máa parẹ́, kì í parẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí iná ṣe fún mi lóru ọjọ́ yẹn náà lẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Ẹ fi qemu-guest-agent sínú gbogbo VM, ó máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè gbọ́. Mo kọ skríìpù kékeré kan (àwọn àṣẹ tí mo tò sínú fáìlì kan): àwọn ọmọ àti web àti sukuu ló kọ́kọ́ ń sùn, skríìpù á dúró títí virsh list á fi sọ pé wọ́n ti sùn, ìgbà yẹn ló máa tó ní kí data lọ sùn, torí ẹni tó ń gbowó gbọ́dọ̀ dúró títí oníbàárà tó kẹ́yìn á fi jáde. Lẹ́yìn data ni onílé. Mo tún fi libvirt-guests sílẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, ON_SHUTDOWN=shutdown, bí skríìpù mi bá lọ kọsẹ̀.

Jíjí wá. virsh autostart fún data, sukuu, web. Autostart ò mọ ẹni tó yẹ kó ṣáájú o, torí náà nínú sukuu mo fi Restart=always àti RestartSec=5 sí sáfíìsì ẹ̀ kó máa gbìyànjú títí data á fi dáhùn. BIOS náà, ẹ wá ibi tó ti ń béèrè ohun tó máa ṣe tí iná bá padà dé, ẹ ní kó tan ara ẹ̀. Ibì kan báyìí wà tó lè mú yín: tí sẹ́fà bá ti sùn tán, tí iná wá dé kí bátìrì UPS tó tán, lójú sẹ́fà iná ò lọ rárá, kò ní jí, ẹ̀yin lẹ máa wá tẹ̀ ẹ́. NUT ní killpower fún ìyẹn, á ní kí UPS fúnra ẹ̀ pa iná lẹ́yìn tí sẹ́fà bá ti sùn, kó tó tún tan án nígbà tí iná bá dé. Kì í ṣe gbogbo UPS ló gbà á, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Èmi fọwọ́ ara mi fa wáyà ínfátà yọ lọ́jọ́ Sunday kan, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é kó tó lọ bí mo ṣe fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ Tuesday tí ò dé mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo sùn sílé, mi ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣí journalctl (àkọsílẹ̀ ohun tí sẹ́fà ṣe): 2:14 òru UPS ké, 2:16 àwọn ọmọ ti ń sùn lọ, lẹ́yìn wọn sukuu, 2:19 data sùn, onílé tẹ̀ lé e. 5:47 iná dé. 5:51 data ti ń dáhùn. Mo ní kí n lọ kí Màmá lódì kejì ògiri, kí n bi wọ́n bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń tẹ rìsíìtì fún òbí kan, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ẹ káàárọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, Màmá, mo kàn wá kí yín ni.